Kíláàsì tango tí èmi àti ọkọ mi lọ l'Under G, Ògbómọ̀ṣọ́: ibi tó dùn mọ́ mi àti ibi tó dùn mí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ lèmi àti ọkọ mi ń lọ kọ́ ijó tango, ijó àwọn ará Argentina tí ẹni méjì máa ń dì mọ́ra jó, l'Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, òótọ́ ni o. A ti parí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, mo sì ti ṣèlérí pé bó bá ṣe rí ni màá ṣe sọ ọ́, torí náà ẹ jókòó. Tó bá jẹ́ ìràwọ̀ lẹ̀ ń wá, mẹ́rin ni mo fún wọn nínú márùn-ún, ọ̀kan tí mo yọ yẹn dun èmi gan-an kí n tó yọ ọ́, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tá a bá débẹ̀.

Wọn ò ní sáínbọ́ọ̀dù. Òkè ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò Under G, tí wọ́n ti ń ta bébà àti bírò fáwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH ni, ẹ gba ẹ̀yìn gun àtẹ̀gùn, ẹ máa gbọ́ orin kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Sátidé ni, aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ náírà lẹ́nì kan ń san fún ọjọ́ kan, tọkọtaya ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, wọ́n ń gba tíránsífà. Tíṣà wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí náà ni, ó ti ṣiṣẹ́ lókè òkun fún ọdún bíi mélòó kan, ọwọ́ àwọn ará Argentina tó bá pàdé níbẹ̀ ló ti kọ́ ijó yìí, kò sì purọ́ fún wa pé òun ti dé Buenos Aires, olú ìlú Argentina, rí. Mo fẹ́ràn ẹ̀ fún ìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ń bọ̀, kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tọ́rọ̀ yìí fi ká mi lára tó báyìí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ nilé ọkọ. Ilé àyàn ni wọ́n ti bí ìyá mi, bàbá tó bí wọn lu ìyáàlù bàtá títí ọwọ́ wọn fi ń gbọ̀n, ibẹ̀ ni mo ti ń lo gbogbo ọlidé mi nígbà tí mo wà ní pámárì. Nínú agboolé yẹn èèyàn kì í ṣàdédé jó. Ìlù á sọ̀rọ̀, oníjó á gbọ́, ẹsẹ̀ á dáhùn. Bàbá àgbà á fi ojú òjò, ìyẹn ojú ńlá ìlù náà, pè ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á wá fi bílálà, awọ tí wọ́n fi ń lù ú, na ṣáṣá, ojú kékeré ẹ̀, lójijì, tó bá jẹ́ pé ibi tó yẹ kó o gbé lo ti ń yí, gbogbo ilé ló máa mọ̀ pé o ò gbọ́, kò sí bó o ṣe lè fò tó.

Lọ́dún tó kọjá níbi òkú ẹ̀gbọ́n ìyá mi l'Ọ̀yọ́, wọ́n háyà àwọn ọmọ kan tí wọ́n láwọn ń jó bàtá. Aṣọ wọn pupa fòò, owó ẹyọ kún ara ẹ̀, wọ́n dirun. Kò sí ìlù. Sípíkà ni wọ́n gbé wá, orin ti wà nínú fóònù, wọ́n ti há gbogbo ẹ̀ sórí látòkè délẹ̀. Wọ́n fò o, mi ò ní parọ́, wọ́n lágbára. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tí wọ́n ń dá lóhùn. Ìyá mi dìde, wọ́n wọlé lọ, wọn ò jáde mọ́ títí àwọn yẹn fi ṣe tán.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ló wà lọ́kàn mi tí mo fi gun àtẹ̀gùn Under G yẹn. Mo rò pé ohun tá a máa ń rí nínú fíìmù náà ni wọ́n máa kọ́ wa, òdòdó rósì lẹ́nu, obìnrin á ju ẹsẹ̀ sókè, ọkùnrin á gbé e dorí kodò, ó parí.

Ìrìn la bá níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìrìn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìrìn náà ni. Láti igun kan dé èkejì, kéèyàn tẹ àyà síwájú díẹ̀, kí orúnkún má le gbagidi, kí ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ fara kan èyí tó dúró kó tó kọjá lọ. Ọkọ mi ní láti ìgbà tí ìyá òun ti ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ fún òun lòun ti ń rìn, èwo lòun á tún máa sanwó ìrìn sí. Tíṣà ò bínú, ó fi orin sí i, ó ní kó rìn bó ṣe máa ń rìn lọ sọ́jà. Ó rìn. Orin ń lọ síbì kan, ọkọ mi ń lọ síbòmíì. Tíṣà ní, "Dádì, ẹsẹ̀ yín ń rìn, etí yín ò tẹ̀lé e." Háà. Mo wo ojú ọkọ mi, mo rántí Bàbá àgbà. Àwọn àgbà tó ń jó o ní Buenos Aires, ìrìn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò lára oníjó, kì í ṣe iye àrà tó lè dá, torí pé gbogbo àrà yẹn orí ìrìn ló jókòó lé. Orin tó sì fi ń kọ́ wa, orin àtijọ́ ni, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ láàárín 1935 sí bíi 1955, orin ẹgbẹ́ Juan D'Arienzo fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ torí ìlù inú ẹ̀ le ó sì hàn ketekete, ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dáadáa ló wá mú ti ẹgbẹ́ Carlos Di Sarli jáde, ìyẹn ń ṣàn bí omi, tí etí ẹ ò bá sí níbẹ̀ wàá ṣubú sínú ẹ̀. Kò fi orin ìgbàlódé kankan gbọ̀n wá lára. Èyí nìkan tó ìràwọ̀ méjì lójú mi.

Ọ̀rọ̀ ìdìmọ́ra ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun lẹ̀ ń dúró dè. Ìlú onítẹ̀bọmi ni Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dún 1898 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ níbí, kò sí bí wọn ò ṣe ní béèrè pé ọkùnrin ta lò ń dì mọ́. Ìyàwó pásítọ̀ kan wà láàárín wa, wọn ò gbà kí ẹnì kankan yàtọ̀ sí ọkọ wọn mú wọn lọ́wọ́, tíṣà sì gbà bẹ́ẹ̀, kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sọ pé ayé ti là. Ó ṣàlàyé pé dídìmọ́ra tango, àlàfo lè wà níbẹ̀ ó sì lè má sí, tọkùnrin tobìnrin ló ń pinnu, ohun tó ń wá ni pé kí àyà ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì ibi tá a ń lọ, kó má jẹ́ pé apá ló ń tì í bí ẹni ti ọmọlanke. Ó tún ní nígbà tí tango ṣì kéré, àwọn ọkùnrin máa ń bá ara wọn jó láti fi kọ́ ọ kí wọ́n tó lọ bá obìnrin, pé ìtìjú ò sí níbẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́kùnrin LAUTECH méjì ṣe dìde nìyẹn tí wọ́n fa ara wọn yí gbọ̀ngàn ká, àwọn obìnrin náà sì ń bá obìnrin jó, ara tu gbogbo wa. Kò tún sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́.

Ibi tó wá wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni ti ojú. Ní milonga, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń pàdé jó, ọkùnrin ò kàn ní rìn lọ na ọwọ́ sí obìnrin. Á wò ó láti òkèèrè. Tí obìnrin náà bá fẹ́, á wò ó padà, ọkùnrin á mi orí díẹ̀, wọ́n ń pè é ní cabeceo, ìgbà yẹn ló máa tó dìde. Tí kò bá fẹ́, á gbójú kúrò, ojú ò ti ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n á jó orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n ń pè é ní tanda, wọ́n á fi orin kékeré kan tí kì í ṣe tango là á láàárín, kálukú á padà síbi tó jókòó sí. Tíṣà ò tíì ṣàlàyé ẹ̀ tán tí mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá wo ni wọ́n máa kọ́ níyẹn? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí wọ́n mú lọ sóde àríyá, tí wọ́n gbé jọ̀lọ́ọ̀fù síwájú ẹ̀, ojú ìyá ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbogbo kíláàsì ti mọ̀ ọ́n, tíṣà ní ní òkè òkun tóun ti kọ́ ọ ó gba àwọn yẹn lóṣù mélòó kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé kí ló kan ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ijó Argentina, pé ayédèrú ni tó bá ti kúrò nílé, mo gbọ́ yín, èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ ẹ wò ó. Etí odò Río de la Plata ni tango ti gbérasọ lápá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní Buenos Aires àti ní Montevideo ti Uruguay, àwọn mẹ̀kúnnù ló dá a sílẹ̀: ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà, àwọn ará Ítálì àti Sípéènì tó wọkọ̀ ojú omi wá wáṣẹ́, àwọn darandaran tó fi pápá sílẹ̀ wá sígboro, gbogbo wọn há mọ́ inú ilé tí yàrá kọjú síra, omi ẹ̀rọ kan fún gbogbo ilé. Rosendo Mendizábal tó kọ ọ̀kan nínú orin tango tó kọ́kọ́ lókìkí lọ́dún 1897, ọmọ aláwọ̀ dúdú ni. Horacio Salgán tó tẹ pìánò títí ó fi darúgbó, tó kú lọ́dún 2016 lẹ́ni ọgọ́rùn-ún ọdún, òun náà bẹ́ẹ̀. Bandoneon tó dà bí akọ́díọ̀nù yẹn, tó ń sunkún nínú gbogbo orin wọn, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é wá, orúkọ Heinrich Band ará ìlú Krefeld ló ń jẹ́. Kì í ṣe Buenos Aires ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ kúrò nínú tango wò, kí ló kù? Àwa náà ńkọ́, I.K. Dairo gbé akọ́díọ̀nù òyìnbó sínú jùjú, ta ló sọ pé ohun tó kọ kì í ṣe ti Yorùbá? Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ra nǹkan. Ṣé ohun tí wọ́n dá ijó náà sílẹ̀ fún lẹ̀ ń fi ṣe, àbí aṣọ ẹ̀ lẹ kàn wọ̀?

Ó wá kan ibi tí èmi àti tíṣà ti jiyàn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní kẹ́ ẹ gbọ́ o, tango àti Ṣàngó, ọ̀rọ̀ kan náà ni, pé àwọn bàbá wa ló gbé e lọ. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Mo nawọ́ sókè, mo ní tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, a ò gbọ́dọ̀ fi orúkọ tó jọra gba ohun tí kì í ṣe tiwa. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí Río de la Plata, ìhà Kóńgò àti Àǹgólà ni wọ́n ti wá, ọ̀rọ̀ milonga yẹn gan-an inú èdè Kimbundu ti Àǹgólà ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ní ti tango, àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò síbì kan, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òun ni wọ́n fi ń pe ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ti ń kóra jọ lùlù jó. Ṣàngó tiwa mọ ibi tó lọ. Ó wọkọ̀ lọ sí Cuba, wọ́n ń pè é ní Changó, bàtá ṣì ń dún fún un níbẹ̀ dòní. Ó dé Brazil, wọ́n ń pè é ní Xangô. Kò nílò ká tún lọ jí òmíràn fún un ní Buenos Aires, ọdún Ṣàngó t'Ọ̀yọ́ fúnra ẹ̀ ti wọ ìwé àjogúnbá UNESCO lọ́dún 2023, tango ti wọ̀ ọ́ ní 2009, kálukú pẹ̀lú orúkọ ilé ẹ̀. Àwọn ọmọ Kóńgò tó lùlù náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ìyìn wọn.

Ilé pa lọ́lọ́. Mo rò pé ó máa bínú. Kò bínú o, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló dúró níwájú gbogbo wa tó ní òun ti lọ wádìí, òun ṣì í sọ, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ mọ́. Tíṣà mélòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Mo bọ̀wọ̀ fún un gidi.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin yẹn náà ni mo mọ̀ pé owó mi ò ṣòfò. Òjò ń bọ̀, wọ́n mú iná lọ bíi aago márùn-ún ààbọ̀, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí ò tàn, sípíkà dákẹ́, kẹ́ ẹ máa wo bí ibẹ̀ ṣe dúdú. Àwọn kan ti ń wá bàtà wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ LAUTECH yẹn kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu bẹ́ǹṣì, mẹ́ta, mẹ́ta, méjì, mẹ́ta, mẹ́ta, méjì. Tíṣà ní kò gbọ́dọ̀ dúró. Ó ní ìlù tó wà nídìí tango àtijọ́ gan-an ló ń lù yẹn, pé ó fara pẹ́ habanera, irú orin kan tó gba Cuba dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní ká dìde, kí ẹnikẹ́ni má tan fóònù. Tọkọtaya márùn-ún àti àwọn méjì yẹn, a bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbọ̀ngàn, apá òsì ni wọ́n máa ń yí sí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ya ẹni iwájú sílẹ̀ bí ọlọ́kadà àdúgbò Táákì, nínú òkùnkùn yẹn a ò sì kọlu ara wa. Ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti fẹ́ ọkọ mi, ó máa ń yára ni, nínú gbogbo nǹkan. Ọjọ́ yẹn ó dúró dè mí. Mo gbọ́ ìgbà tó fẹ́ dúró kó tó dúró, ara rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ẹsẹ̀ mi dáhùn, a ò há nǹkan kan sórí. Omi bọ́ lójú mi, kò sẹ́ni tó rí i.

Nígbà tíná dé mo bi tíṣà bóyá a lè fi bàtá jó o lọ́jọ́ kan. Ó ní a lè fi kọ́ etí, inú òun á dùn, ṣùgbọ́n ká má pe ìyẹn ní tango ti Buenos Aires, ká sì má pè é ní bàtá t'Ọ̀yọ́. Ìdáhùn tó tọ́ nìyẹn.

Ó dáa, ìràwọ̀ tí mo yọ. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún a débẹ̀, a bá iná fídíò, rósì ike, ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀n fáwọn obìnrin. Wọ́n ní oníbàárà kan fẹ́ tango níbi ìgbéyàwó, wọ́n sì fẹ́ fídíò tí wọ́n á fi polówó. Gbogbo wákàtí méjì tá a sanwó fún, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ orin la fi ń há: ẹsẹ̀ sókè, yí, ṣubú sẹ́yìn, wo kámẹ́rà. Mo jókòó, mi ò ṣe é. Ó rí lára mi bí ti ọjọ́ òkú ẹ̀gbọ́n ìyá mi yẹn ni. Mi ò sọ pé tango orí ìtàgé ò dáa o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Orí ìtàgé ní Paris lọ́dún 1983 àti ní New York lọ́dún 1985 ni ọ̀pọ̀ ayé ti tún padà nífẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìdíje àgbáyé tí wọ́n ń ṣe ní Buenos Aires láti 2003, ọ̀nà méjì ló pín sí, ti ìtàgé lọ́tọ̀, ti ilẹ̀ gbọ̀ngàn lọ́tọ̀. Àwọn tí wọ́n ń jó ti ilẹ̀, wọn ò ní yan orin fúnra wọn, orin tí wọ́n bá fi sí i ni wọ́n máa jó, wọn ò sì gbọ́dọ̀ tú ìdìmọ́ra sílẹ̀ títí orin á fi tán. Àwọn gan-an tó ni ín mọ̀ pé ọ̀tọ̀ lọ̀kan. Ohun tó dùn mí ni pé èèyàn tuntun mẹ́ta wá lọ́jọ́ yẹn, wọ́n rí rósì ike, wọ́n lọ sílé, ohun tí wọ́n máa máa pè ní tango nìyẹn. Mo sọ ọ́ fún tíṣà lẹ́yìn kíláàsì, èmi àti ìyàwó pásítọ̀, ó ní ọjọ́ Sọ́ndé ìrọ̀lẹ́ lòun á máa ṣe ti ìtàgé báyìí, owó ẹ̀ lọ́tọ̀, kì í ṣe dandan. Tó bá ṣe é bẹ́ẹ̀, màá wá dá ìràwọ̀ ẹ̀ padà.

Àwọn nǹkan kéékèèké: táìlì ibẹ̀ ń yọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún, bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ awọ lẹ wọ̀, ẹ fi kámbáàsì sílé, rọ́bà á di ẹsẹ̀ yín mú tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí, orúnkún ló ń jìyà ẹ̀. Ìró tó fún ò ṣe é wọ̀, ẹ ò ní lè fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ooru mú, ẹ gbé omi dání. Ẹni tí kò ní ẹnìkejì lè wá. Ẹni tó ń wá ohun tó máa fi jó níbi ìgbéyàwó lọ́sẹ̀ méjì òní, ibẹ̀ kọ́ o.

Àwa méjèèjì ti san ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn, Sátidé tó ń bọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ní àwọn máa wá wò wá láti Ọ̀yọ́, mo ti bá tíṣà sọ ọ́, ó ti ní kí wọ́n gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.